Òfin àti Ìjìyà nínú Líìgì Àfarawé: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Sábó, Ṣàgámù

Àṣamọ̀

Líìgì àfarawé ni ìdíje tí àwọn olùkópa ń fi orúkọ àti àkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù gidi ṣe lórí ìwé, lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, láìsí pápá, láìsí fèrè. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí òfin àti ìjìyà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, láti orí bésíbọ́ọ̀lù àfarawé ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé orí Fantasy Premier League. Ó fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe òṣùwọ̀n, ó sì fi ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lo irú líìgì bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì hàn. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe bí ìjìyà bá ṣe le tó ni òfin fi ń ṣẹ. Òfin a máa ṣẹ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá mọ ìjìyà ṣáájú, tí ìjìyà náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, tí kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ìfáárà

Ní ọ̀sán Sátidé, bí ìdíje Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ a máa pé jọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Sábó, Ṣàgámù, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo ariwo tí ó ń ti inú ilé náà jáde ni ó jẹ mọ́ ẹgbẹ́ tí ó borí. Lára àwọn òǹwòran ni a ti ń rí àwọn tí wọ́n ti ṣa agbábọ́ọ̀lù jọ sórí fóònù wọn, ọ̀kan láti Arsenal, ọ̀kan láti Liverpool, òmíràn láti Brentford. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ náà kò sí lórí pápá kankan láyé, síbẹ̀ ó ń gba póìǹtì, ó sì ń pàdánù póìǹtì bí ẹgbẹ́ gidi. Irú ìdíje báyìí ni iṣẹ́ yìí pè ní líìgì àfarawé.

Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni pé: níbi tí kò ti sí pápá, tí kò sí rẹfirí tí yóò fọn fèrè, kí ni ó ń mú kí ènìyàn pa òfin mọ́? Bí ẹnì kan bá rú òfin, ta ni yóò fi ìyà jẹ ẹ́, irú ìyà wo ni yóò sì jẹ́? Ìbéèrè yìí kò mọ sí orí eré nìkan. Olùkọ́ tí ó dá dúró níwájú ọmọ 40 mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni ó ń dúró de òun ní àràárọ̀.

Ohun tí líìgì àfarawé jẹ́

Bésíbọ́ọ̀lù ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi sọ líìgì àfarawé di ohun tí ó gbajúmọ̀. Nínú eré náà, ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn a fi igi gbá a, a sì sáré yí igun mẹ́rin ká kí wọ́n tó ka ohunkóhun fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: iye ìgbà tí ó gbá a àti iye ìgbà tí ó tàsé. Nítorí pé àkọsílẹ̀ yìí pọ̀, tí ó sì péye, ó rọrùn láti fi í dá eré mìíràn sílẹ̀. Ní 1961, Hal Richman bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré tí ó ń jẹ́ Strat-O-Matic. Káàdì kọ̀ọ̀kan dúró fún agbábọ́ọ̀lù gidi kan, ohun tí ó wà lára káàdì náà sì bá bí ẹni náà ṣe ṣe sí ní odidi sáà kan mu. Olùkópa a da dáìsì bí ẹni tí ń ta lúdò. Iye tí dáìsì bá mú wá ni yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó yá, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ dáìsì ṣe. Àwọn olùkópa a sì kó ara wọn jọ di líìgì, wọn a yan ẹnì kan ṣe alákòóso.

Ní 1980, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá irú kejì sílẹ̀ ní New York. Àwọn kò da dáìsì. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe lórí pápá ní sáà tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà fún ẹni tí ó yàn án. Abẹ́ irú kejì yìí ni Fantasy Premier League, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2002/2003, wà. Ní sáà 2022/2023, iye ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kárí ayé ju mílíọ̀nù 11 lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ àti ìjìyà wọn

Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni ó máa ń da líìgì bésíbọ́ọ̀lù àfarawé láàmú jù. Èkíní ni àlòjù. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan nínú bésíbọ́ọ̀lù gidi ti àwọn ọ̀gá ní Amẹ́ríkà. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá kópa nínú 30 péré, tí orí sì bá a ṣe é nínú wọn, káàdì rẹ̀ lè dára ju ti ògbóǹtarìgì tí ó kópa nínú 150 lọ. Ẹni tí ó bá wá ń lo káàdì yìí ní gbogbo eré 162 kò fi ẹnu parọ́, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ti di irọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ líìgì ṣe fi gbèdéke sí iye ìgbà tí olùkópa lè lo agbábọ́ọ̀lù kan. Ẹni tí ó bá kọjá gbèdéke lè pàdánù agbábọ́ọ̀lù náà fún ìgbà díẹ̀ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí wọ́n gba ànfààní ìṣàyàn kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín agbábọ́ọ̀lù tuntun.

Èkejì ni ìpẹ́. Olùkópa a kọ̀ láti fi orúkọ àwọn tí yóò lò ránṣẹ́ lásìkò, ẹni tí ó yẹ kí ó bá díje a sì máa dúró. Ìjìyà tí ó wọ́pọ̀ ni kí alákòóso fi àtòjọ tí ó fi sílẹ̀ kẹ́yìn ṣe eré náà, yálà ó dára tàbí kò dára. Bí ìpẹ́ bá di àṣà, wọn a gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a fi fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ní ọ̀pọ̀ líìgì, ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ ṣa agbábọ́ọ̀lù ní sáà tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó kù díẹ̀ káàtó lè gbérí. Ìrànlọ́wọ́ yìí náà ni àwọn kan ń sọ di ọgbọ́n àrékérekè: bí wọ́n bá ti rí i pé ife-ẹ̀yẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn a fi ògbóǹtarìgì wọn sílẹ̀, wọn a gbé aláìmọ̀-ọ́n-gbá wọlé. Ìjìyà rẹ̀ ni pé wọn a sún irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn nígbà ìṣàyàn, tí yóò fi jẹ́ pé ohun tí ó torí rẹ̀ fìdí rẹmi kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Bí a bá fi ìjìyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, ohun kan hàn gbangba nínú wọn. Ẹni tí ó lo ènìyàn lálòjù pàdánù ìlò. Ẹni tí ó pẹ́ pàdánù ẹ̀tọ́ láti yàn. Ẹni tí ó wá èrè nínú ìfìdírẹmi pàdánù èrè náà. Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Kò sí èyí tí ó ní kí wọ́n bú ẹlẹ́ṣẹ̀ tàbí kí wọ́n dójú tì í.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta tún fi hàn pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ń pa lára lè má sí níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ lórí pápá gidi. Ní oṣù Keje 2013, Plateau United Feeders àti Police Machine wà ní ọgbọọgba ní ìpele ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí, tí ó fi jẹ́ pé iye góòlù ni yóò sọ ẹni tí yóò gòkè. Ní ọjọ́ kan náà, Plateau United Feeders gbá góòlù 79 sí àwọ̀n Akurba, Police Machine sì gbá 67 sí àwọ̀n Bubayaro. Ẹni tí wọ́n gbá a sí kò gbá ẹyọ kan padà. Àjọ tí ó ń rí sí eré bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà lé ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú ìdíje fún ọdún 10, ó sì fi òfin de àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà títí ayé. Ìyà náà le, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n góòlù 146 ti wọlé kí ó tó dé, bẹ́ẹ̀ rẹfirí wà lórí pápá, fèrè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrè nìkan kò lè mú òfin ṣẹ níbi tí àwọn tí ń ṣeré ti pinnu pé àwọn kò ní ṣe é.

Ìyàtọ̀ láàrin ìjìyà àti iye owó

Nínú Fantasy Premier League, mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn àfiṣeré ni olùkópa fi ń ra agbábọ́ọ̀lù 15, kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ láti inú ẹgbẹ́ kan. Bí ó bá fẹ́ mú ìkẹrin, ẹ̀rọ kò ní gbà fún un. Gbèdéke àtòjọ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ náà. Bí ó bá kọjá, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ní ibi méjèèjì yìí, kò sí ìjìyà kankan, nítorí pé kò sí ààyè láti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Olùkópa ní ẹ̀tọ́ sí ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ kan lọ́sẹ̀, èyí tí ó lè tọ́jú pamọ́. Láti sáà 2024/2025, ó lè tọ́jú rẹ̀ títí tí yóò fi pé márùn-ún. Bí ó bá ṣe ju èyí tí ó ní lọ, wọn yóò yọ póìǹtì 4 lórí ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ni ó ń pe èyí ní ìjìyà, ṣùgbọ́n iye owó ni. Ẹni tí ó bá gbà pé agbábọ́ọ̀lù tuntun yóò mú póìǹtì 10 wá yóò fi tayọ̀tayọ̀ san 4, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a lẹ́bi. Òfin kò sọ pé kí ó má ṣe é. Ohun tí ó sọ ni iye tí yóò ná an.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún olùkọ́. Ní ọdún 2000, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini tẹ ìwádìí kan jáde lórí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ 10 ní ìlú Haifa, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Àwọn òbí kan máa ń pẹ́ wá mú ọmọ wọn. Ní mẹ́fà nínú àwọn ilé náà, wọ́n fi owó ìtanràn kékeré lé òbí tí ó bá pẹ́. Dípò kí ìpẹ́ dínkù, ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n mú owó náà kúrò, kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí owó tó dé, ojú ń ti òbí láti dá olùkọ́ dúró; nígbà tí owó dé, ó di ohun tí òbí ń rà. Ilé-ìwé tí ó ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìjìyà ni òun ń fún un tàbí ọjà ni òun ń tà fún un.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Ẹ̀rọ lè ka póìǹtì, ó lè ti ilẹ̀kùn ní àkókò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tó gbogbo nǹkan. Òfin Fantasy Premier League ni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní àdúgbò ni wọ́n mọ ẹni tí ó fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ìkejì sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ó pa ẹgbẹ́ rẹ̀ tì ní àárín sáà nítorí pé ó ti di ìkẹyìn, tí àwọn tí yóò bá a díje lẹ́yìn náà yóò sì máa jẹ póìǹtì ọ̀fẹ́ tí àwọn tí ó ti bá a díje tẹ́lẹ̀ kò rí jẹ. Irú ẹjọ́ báyìí kò ní adájọ́ mìíràn ju àwọn olùkópa fúnra wọn lọ.

Àwọn Yorùbá ti mọ ètò yìí nínú ayò ọlọ́pọ́n tipẹ́tipẹ́. Ojúlé 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọmọ tí ó fi kẹ́yìn bá sọ ojúlé ẹnì kejì di méjì tàbí mẹ́ta ni yóò jẹ ẹ́. Bí ilé ẹnì kejì bá sì ṣófo, òfin ni pé kí ẹni tí ó ní ọmọ ta ọmọ sí i bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé eré kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹnikẹ́ni. Kò sí rẹfirí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òǹwòran wà. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ju ọmọ méjì sí ojúlé tí ó yẹ kí ó ju ẹyọ kan sí, ariwo a ta, yóò sì dá a padà. Ìbáà ṣe ọ̀ta tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, ìbáà ṣe ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ariwo kan náà ni. Ìjìyà náà kéré, ó yá, ó sì dájú. Nítorí náà ni kì í fi í dá ìjà sílẹ̀.

Ohun tí ó fún òǹwòran ní agbára ni pé kì í ṣe òun ni ó ń ta ayò. Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ líìgì àfarawé ti ń kọsẹ̀: alákòóso tí ó ń dá ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú ìdíje kan náà. Líìgì tí ó bá gbọ́n a máa kọ ọ́ sínú òfin pé bí ọ̀rọ̀ bá kan alákòóso, yóò dìde fún àwọn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Wọn a sì gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Sábó

Inú Sábọ́n Gàrí ni orúkọ Sábó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa sì ni ìlú tuntun. Òwò obì, tí ilẹ̀ Rẹ́mọ jẹ́ ibùdó ńlá fún, wà lára ohun tí ó mú àwọn ará Òkè Ọya wá tẹ̀dó sí Ṣàgámù. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti jọ ń rà, tí wọ́n jọ ń tà. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní ìlú náà, ó sì mú ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Orí kónílé-ó-gbélé Orò ni aáwọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò wá láti dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé níbi tí àwọn tí ó jọ ń gbé kò bá ti jọ lóye òfin bákan náà, tí ìjìyà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí inú bá ń bí, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò parí sí.

Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Hausa lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé Sábó. Bí olùkọ́ bá na ọ̀kan nítorí ìpẹ́, tí ó sì rẹ́rìn-ín sí èkejì fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ohun tí àwọn méjèèjì kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà yóò pẹ́ nínú wọn ju ìṣirò lọ.

Bí olùkọ́ ṣe lè lò ó nínú kíláàsì

Líìgì àfarawé tí kò ní owó tàbí fóònù nínú ṣeé ṣe lórí pátákó. Ilé kò jìnnà: ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí Ṣàgámù, ni ibùdó Remo Stars wà, àwọn ni wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ líìgì àgbà Nàìjíríà ní sáà 2024/2025. Ẹgbẹ́ 20 ni ó kópa nínú líìgì ní sáà náà. Olùkọ́ lè pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣa ẹgbẹ́ mẹ́ta. Kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣà nìkan ni yóò jàǹfààní, kí ẹni tí ó ṣà gbẹ̀yìn ní ìpele kìíní kọ́kọ́ ṣà ní ìpele kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ yóò kọ orúkọ méjì nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé-ìwé tó parí ní ọjọ́ Jímọ̀. Póìǹtì 3 ni fún ẹgbẹ́ tí ó bá borí, 1 fún ọ̀mì.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò jókòó kọ òfin, wọn yóò sì kọ ìjìyà síwájú òfin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ tí ó bá pẹ́ yóò lo orúkọ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọ̀wọ́ tí ó bá yí orúkọ padà lẹ́yìn gbèdéke yóò pàdánù póìǹtì ẹgbẹ́ tí ó yí náà. Ọmọ mẹ́ta láti inú ọ̀wọ́ tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni yóò gbọ́ ẹjọ́. Wọn yóò kọ ìdájọ́ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo kíláàsì lè kà. Bí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé, ìwé yìí ni wọn yóò ṣí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó rí i pé ìdájọ́ àná ni ìdájọ́ òní, pàápàá nígbà tí ó bá kan ọmọ tí òun fẹ́ràn jù. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, èdè wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ìlú náà kò gbẹ́yìn.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó ti ṣáájú fi hàn pé ohun tí ó gbé líìgì àfarawé ró ni ìgbàgbọ́ àwọn olùkópa pé òfin kan ni ó dè wọ́n. Ohun tí ẹ̀rọ bá lè dènà, kí ó dènà rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ iye owó, kí wọ́n pè é ní iye owó. Ohun tí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ìjìyà rẹ̀ wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀, kí ó sì tún ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bàjẹ́ ṣe. Ọmọ tí ó bá ti kọ òfin pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò rẹ̀, tí òfin náà mú òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ó sì gba ìjìyà rẹ̀ láìjà, ti mọ ohun kan tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ọ. Ní ibi tí ẹ̀yà méjì ti jọ ń gbé bí i Sábó, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlú yóò nílò lọ́la.